Ọmọ Tó Sọ Pé "Wọ́n Ń Sunkún"

Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun kò ní orúkọ kan pàtó ní èdè wa. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, bí àwọn ará àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde bá bi wọ́n pé kí ni ọmọ wọn ń ṣe ní Jámánì, wọn a ní dókítà ni mí. Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé n kì í ṣe dókítà, pé ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń wọn bí ọmọdé ṣe ń bá ẹlòmíràn kẹ́dùn. Wọ́n fèsì ní ìlà kan péré: "Ṣé òṣùwọ̀n wà fún ìyẹn ni?" N kò dá wọn lóhùn. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ èsì tó yẹ kí n fún wọn, wọn ò sì sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní àdúgbò Wedding ní Berlin lẹ ní kí àwa tá a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ẹ ó tọ̀. Àwọn tó kọ ṣáájú mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan àti nọ́ọ̀sì kan, kọ ohun tó dùn ún kà. Tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ nìyí tí Àdùkẹ́ ìyàwó mi ti lọ, n kò sì ní okun láti ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Mo wá kàwé nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Berlin, owó ilé ìwé tán lọ́wọ́ mi, mo sì rí bébà kan lára ògiri yunifásítì pé ilé ìwádìí kan ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn gbé téèpù. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó tó san owó ilé. Agbétéèpù ni mo bá wọlé, ẹni tó ń fún ọmọ ní máàkì ni mo bá jáde.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni obìnrin kan tí à ń pè ní Frau Doktor Hellwege. Wọ́n ga, wọ́n tínrín, wọn kì í rẹ́rìn-ín títí a ó fi jẹun ọ̀sán. Fún ọdún méjì gbáko, wọn ò jẹ́ kí n bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó, kí n gbọ́ téèpù, kí n sì kọ gbogbo ohun tí ọmọ bá sọ sílẹ̀, títí kan ìgbà tó bá fa imú. Bí mo bá kọ pé "ọmọ náà dákẹ́ nítorí ojú ń tì í," wọn a fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé ojú ń tì í? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi dákẹ́?" Mo ra irú aago tí àwọn olùkọ́ eré sísá máa ń fi sọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mò ń kọ ni pé: ọmọ dákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.

"Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́, Herr Ọlátúnjí. Ẹ má kọ ohun tí ẹ mọ̀."

Bí a ṣe ń fi ABD kọ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe fi òfin yìí kọ́ mi. Òfin tó dára ni. Ọmọ tó bá lẹ́wà, tó mọ ẹ̀rín í rín, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ fún un ní máàkì. Èyí tí imú rẹ̀ ń dà, tó di ojú mọ́rí, kò sẹ́ni tó ń gbè é. Òfin Frau Doktor ló ń gba ẹjọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé òfin rere ni, nítorí òfin yẹn kan náà ni mo fi ṣe ibi.

Ní ọdún kẹta, wọ́n kọ́ mi ní ìrora. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé ọmọ yóò máa ṣeré nílẹ̀, èmi yóò máa fi òòlù onígi kékeré kan gbá ìṣó ìṣeré, n ó sì ṣe bí ẹni pé òòlù bà mí ní àtàǹpàkò. Mo gbọ́dọ̀ ké "aua" lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn Jámánì ṣe ń ké, kí n di ìka mú, kí n ka ọgbọ̀n nínú ọkàn mi, kí n má wo ojú ọmọ. Ọ̀gá mi yóò wà lẹ́yìn gíláàsì, wọn a máa kọ ohun tí ọmọ ṣe: ṣé ó sún mọ́ mi ni, ṣé ó pe ẹlòmíràn, àbí ó rẹ́rìn-ín. Igbe náà kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kàn mí, òòlù náà bà mí lóòótọ́. Mo ní, "Yéè, mo kú o." Ọmọ náà sáré jáde lọ pe ìyá rẹ̀. Frau Doktor jáde wá, wọ́n sì béèrè pé kí ni ìyẹn. Mo ní ìrora ni. Wọ́n ní, "Ìrora èdè wo? A ò lè lò ó. Ọmọ tó kàn kò ní gbọ́ irú ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọ́ "aua" ní ilé ìwẹ̀ wa ní Moabit. Àdùkẹ́ kò tíì pẹ́ tó ti ilé dé nígbà náà. Ó kan ilẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ohun tí mo jẹ ló ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá Délé, wọ́n ń sanwó fún yín kí ẹ máa purọ́ ìrora fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Délé wà nínú oyún nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ní ilé ìwádìí kò tíì béèrè rí. Ó ní ọmọ tó bá wá bá mi di ìka mú, tó káàánú mi, ta ló máa ń sọ fún un lẹ́yìn náà pé kò dùn mí. Mo ní kò sí. Ó ní, "Ẹ ò rí i," ó sì padà sí ìdí ìkòkò rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó ń bá wọn jà lórí ehín tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Kò lo òṣùwọ̀n kankan.

Ohun èlò iṣẹ́ wa ń yí padà, àwa náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Téèpù lọ, fídíò dé. Fídíò lọ, kọ̀ǹpútà dé. A kó òòlù onígi sínú páálí nítorí àwọn òbí ń ṣàròyé pé à ń dẹ́rù ba ọmọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán. Nígbà tí wọ́n pa owó Mark tì tí Yúrò dé, ilé ìwádìí wa ṣí ẹ̀ka sí Hamburg fún àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà. Èmi ni wọ́n ń rán. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń padà ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìwé tí mo ń lọ wà ní òdìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi kọjá èbúté, láàárín àwọn àpótí irin tí wọ́n tò bí ilé. Àwọn òbí ọmọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ Schicht ní èbúté: bí bàbá ṣe ń wọlé ni ìyá ń jáde.

Ìwé ìbéèrè la kọ́kọ́ ń fún wọn. "Bí mo bá rí ẹni tó ń sunkún, ó máa ń dùn mí." Kí ọmọ yan oókan títí dé aárùn-ún. Ọmọbìnrin kan yan aárùn-ún sí gbogbo rẹ̀ kí n tó pín ìwé dé ìlà kejì. Mo bi í bóyá ó tiẹ̀ kà á. Ó pè mí ní bàbá àgbà, ó ní, "Opa, ṣé ẹnì kan wà tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn burúkú lòun?" Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé, tí à ń fi okùn rẹ̀ so ìka méjì láti mọ bí òógùn ọwọ́ ṣe ń pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ bá ń wo fíìmù ọmọ tó ṣubú. Ìlà ọmọ kan ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú wa dùn, a pe ara wa wá wò ó. Àṣé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n.

Mo ń rẹ́rìn-ín sí i bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí kò sí ẹ̀rín.

Àwọn àwòrán tí à ń lò fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Berlin jẹ́ mẹ́wàá. Ọmọdé ni ìyà ń jẹ nínú márùn-ún, àgbàlagbà nínú márùn-ún tó kù. Nínú ọ̀kan, ìyá arúgbó kan dúró ní ibùdókọ̀, báàgì rẹ̀ ti ya, ọsàn rẹ̀ ti yí lọ sójú títì, ó sì fi ọwọ́ bojú. Àwọn mẹ́ta mìíràn dúró tì í, ọ̀kan ń ka ìwé ìròyìn, àwọn méjì ń tàkúrọ̀sọ. A ó bi ọmọ pé: kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Máàkì àkọ́kọ́ wà fún pé ó mọ ẹni tí ìyà ń jẹ láàárín àwọn tó wà níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òdo ni, a kò ní ka ohun tó sọ tẹ̀lé e. Èrò wa ni pé ẹni tí o kò rí, o kò lè bá a kẹ́dùn.

Wọ́n gbé fọ́nrán ọmọ kan wá sí iwájú mi. Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ. Ilé ìwé rẹ̀ ló ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í wo ojú olùkọ́, kì í sì í dáhùn dáadáa. Ohùn rẹ̀ rọ̀, Jámánì rẹ̀ já gaara. Nígbà tí wọ́n fi ìyá arúgbó tó fi ọwọ́ bojú hàn án, ó ní: "Die weinen. Denen muss man helfen." Ìyẹn ni pé: wọ́n ń sunkún, ó yẹ kí èèyàn ràn wọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n. Ẹni mẹ́rin ló wà nínú àwòrán, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sunkún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ọmọ kò dá ẹni tí ìyà ń jẹ mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo àwòrán àgbàlagbà. Nínú ti ọmọdé, ó gba gbogbo máàkì. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò dé ojú ìlà. Mo fọwọ́ sí i. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ ìwé tó tẹ̀ lé e pé ọmọ yìí ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́dùn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà dà bí èrò tí kò lójú fún un. Pé ilé ìwé àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò dàgbà tó ló máa dára fún un.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ìjọ wa, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde nígbà àdúrà. Ìyá Mojí ni à ń pè é, irun ló ń dì nítòsí Afrikanische Straße. Ó ní kí ìjọ gba òun ládùúrà. Ó ní ilé ìwé kọ lẹ́tà sí òun pé ọmọ òun kò ní ojú àánú, pé wọ́n fẹ́ kó o lọ sí ilé ìwé mìíràn, àti pé ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá, ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Mojí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí Àdùkẹ́ lọ bá wọn, ọmọ náà fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí i lórí táìlì tútù, kò wo ojú rẹ̀.

Ìdí ìrẹsì ni Àdùkẹ́ ti ń sọ ọ́, inú ń bí i. "Ọmọ tó kúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n ní kò láàánú? Irú ẹ̀yin wọ̀nyí náà ni, ẹ̀yin olóṣùwọ̀n."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀: ohùn rírọ̀ tí ọmọ náà fi kí i jọ ti inú fọ́nrán. Kò yẹ kí n sọ ọ́, ìwé tí mo fọwọ́ sí ní ibi iṣẹ́ kò gbà mí láyè, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní mo rò pé èmi ni mo fún ọmọ yẹn ní máàkì, mo sì ṣàlàyé àwọn àwòrán náà fún un, títí kan ti ìyá arúgbó. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Àdùkẹ́ ò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe fún arúgbó tó gbàgbé ibi tó fi ehín sí.

"Àwòrán ọmọdé, ó gba gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ti àgbà ni òdo?"

"Òdo."

"Kí ló pe ìyá arúgbó yẹn? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Mo sọ ọ́. Die weinen.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá Délé, ọmọ yẹn ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń pe bàbá mi ní "wọ́n", tí mo ń pe ọ̀gá mi ní "wọ́n". Kò sí ẹni nínú yín tó rò pé bàbá méjì ló bí mi. Jámánì ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n bá ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbà náà, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni Mojí dàgbà sí títí ó fi pé ọdún mẹ́fà. Ẹnu ìyá àgbà ló gbé wọ inú Jámánì. Ó rí ìyá arúgbó yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó rí i débi pé kò lè pè é ní "ó". Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ni mo fún un ní òdo.

"Ẹ pè wọ́n lọ́la," ni Àdùkẹ́ wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo ní mo máa pè wọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ sí Hamburg. N kò pè. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá pè, wọ́n á béèrè bí mo ṣe mọ orúkọ ọmọ náà, àṣírí á sì tú pé mo sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nílé. Ọdún tó kù kí n fẹ̀yìn tì kò ju ìka ọwọ́ kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni àwọn fọ́nrán àtẹ̀yìnwá, gbogbo ọmọ tó ti sọ "wọ́n" sí mi létí láti ọdún wọ̀nyí wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú fóònù dání nínú ọkọ̀ ojú omi, mo ní afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, wọn ò ní gbọ́ mi. Ní ọjọ́rú, ẹ̀rọ olókùn náà bà jẹ́, mo fi ọjọ́ náà tún un ṣe, mo sì dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ó bà jẹ́. Àdùkẹ́ pè mí lọ́sàn-án, ó béèrè bóyá mo ti bá wọn sọ ọ́. Mo ní, "Ó ti bọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún kékeré. Àdùkẹ́ gbà mí gbọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ U9 láti Moabit lọ bá Ìyá Mojí níbi tó ti ń dirun, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọkọ òun ti mójú tó o, pé kó má wulẹ̀ wá agbẹjọ́rò.

Ní ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, mo ń so okùn mọ́ ìka ọmọ kan ní kíláàsì. Mo rí aago ara ògiri. Mo so ìka kejì.

Nígbà tí mo délé ní ọjọ́ Ẹtì, Àdùkẹ́ wà ní ìjókòó nínú ilé ìdáná, kò tíì bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i, pé Ìyá Mojí dá lọ, pé kò mú ẹnikẹ́ni dání nítorí pé òun ló sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó gbójú sókè.

"O parọ́ fún mi," ló wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ló ń pè mí. Nígbà tí ebi pa wá, nígbà tí a jà, nígbà tí Délé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́wọ́ wa, kò fi "o" pè mí rí. Lẹ́tà kan ni. Mo jókòó sórí àpótí mi ní ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá Ìyá Mojí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín àwọn irun tó wà nílẹ̀, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó ń ní, "Ẹ dìde, sà, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "wọ́n" fún un, ó gbé kóòmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. 

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí. "Nígbà tó dé láti ilé, ó ti ń gbàgbé. Ó pe ìyá mi ní 'ó' lórí fóònù. Mo nà án, sà. Mo nà án títí ó fi mọ̀ ọ́n."

Kò bú mi. Ì bá sàn bó bú mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Frau Doktor. Wọ́n ní kí n gbé fọ́nrán náà sí i. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n tún àlàyé mi ṣe, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè ìgbà tí mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo rán wọn létí òfin wọn, pé àwọn ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo gbọ́, kí n má kọ ohun tí mo mọ̀. Mo tijú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mo ní kí ẹ má kọ ọ́, Herr Ọlátúnjí. N kò ní kí ẹ má sọ ọ́."

Wọn ò lé mi. Wọ́n fúnra wọn kọ lẹ́tà sí ibi tó yẹ, wọ́n gbé ẹ̀bi lé orí ilé ìwádìí, wọn ò dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ti wọ fáìlì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílùú yìí mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó jáde. Ọdún méjì ni Mojí fi ń wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní àárọ̀ kùtùkùtù lọ sí ilé ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó padà, kíláàsì méjì ló fi wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ wa, a fi ìlà kan kún un: kí ọmọ fi ìka tọ́ka sí ẹni tí òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìka kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbọ́ àwọn fọ́nrán àtijọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, láìgbowó. Mo rí àwọn mìíràn. N kò ní kọ iye wọn síbí. Àwọn kan nínú wọn ti di àgbà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà.

Àdùkẹ́ mú Mojí mọ́ra. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ náà yóò ti dúró ní ẹnu ọ̀nà wa, wọn a jọ jókòó ní tábìlì ilé ìdáná, wọn a máa kàwé. Ó bá a ṣe é títí ó fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé kíkà, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn ìyẹn nítorí ó ti mọ́ àwọn méjèèjì lára. Bí mo bá wọlé, ọmọ náà á kúnlẹ̀ kí mi, mi ò sì mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Lẹ́yìn oṣù kan, ìyàwó mi padà sí "ẹ" fún mi. N kò lè sọ bóyá ti ọ̀wọ̀ ni tàbí irú èyí tí à ń lò fún àlejò. N kò béèrè. Mo rò pé àyè ṣì wà láti béèrè.

Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni àìsàn mú un. Oṣù mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀. Délé wá láti Hamburg tó ń gbé, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Jámánì, ìyá ń fi Yorùbá dá a lóhùn, títí kò fi lè sọ ìkankan mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ ṣe é, iṣẹ́ gidi ni. Wọn á fún yín ní ẹ̀rọ tó dára ju tiwa lọ. Èsì tí ǹ bá fún bàbá mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, òṣùwọ̀n wà; ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni a gbàgbé láti wọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn ti dín kù, agogo ilẹ̀kùn dún lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Mojí ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ó kúnlẹ̀. Ó mú ìwé kan tí Àdùkẹ́ yá a wá, ó fi lé orí tábìlì ilé ìdáná, ó sì jókòó sí àga tó máa ń jókòó sí. Mo jókòó sí ti ìyàwó mi. Ọmọ náà kò wo ojú mi, ilẹ̀ ló ń wò. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Àṣà burúkú, mo kà á.

"Mama Dele," ló wí. "Die fehlen mir."

Ìyẹn ni pé: àárò wọn ń sọ mí.

N kò béèrè pé àwọn wo.

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ gan-an," ni mo dá a lóhùn. Ní gbogbo ìgbà tí Àdùkẹ́ fi wà láyé, "ó" ni mo ń pè é.